Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé, Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Mọ Iṣẹ́ Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Kò sí oníṣòwò láàárín wa tí í ra àpò gààrí láìti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ilé, tí owó rẹ̀ ju ti gààrí lọ fíìfíì, ojú ọ̀dà la fi ń rà á?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́. Bí ẹ bá yá owó ẹgbẹ́ ra ilé, tí ilé sì sán, gbèsè ò ní tìtorí ìyẹn dín kù. Bí ẹ ò bá rí i san, orí àwọn onídùúró yín ló máa já lé.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé náà lásìkò òjò. Ẹ wo àjà bóyá ó ní àbàwọ́n omi. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ó ń rin. Ẹ bi àwọn ayálégbé léèrè pẹ̀lú. Wọn á sọ ohun tí onílé ò ní sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹnjiníà tí COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á bá mú wá o. Òun ló mọ̀ bóyá sìmẹ́ńtì ojú ògiri ló sán lásán, àbí ìpìlẹ̀ ló ń rì. Yóò wo igi òrùlé bóyá ikán ti jẹ ẹ́, àti òpó bóyá irin inú rẹ̀ ti ń dípẹtà. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yóò béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ti gbé àjà míì lé ju èyí tí ìpìlẹ̀ lè gbà lọ.

Ní March 13, 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fàájì, l'Ékòó. Ilé ìwé ọmọdé wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wà lára àwọn tó kú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kì í ṣe ti owó nìkan.

Ní ti ìwé ilẹ̀ àti àṣẹ Gómìnà tí òfin 1978 béèrè, lọ́yà ni kí ẹ gbé ìyẹn fún.

Ẹlòmíì á ní owó ẹnjiníà ti pọ̀ jù. Ẹ fi àbọ̀ tó bá kọ ná ọjà: "Òrùlé ti jẹrà, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò." Bí onílé bá ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé wò ó, ẹ kó owó yín padà sílé. Ilé míì ń bẹ.

A bẹ̀ yín, ẹni tó bá fẹ́ yáwó ilé, kó mú àbọ̀ ẹnjiníà dání wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́.