Òpó Ọkọ̀ Tí Ń Bo Ọmọ Mọ́lẹ̀
Ẹ wo òpó méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì gíláàsì iwájú ọkọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n láyé àtijọ́. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti ń wá, pàṣẹ pé òrùlé ọkọ̀ kéékèèké gbọ́dọ̀ lè gba ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ọkọ̀ náà, kí ó má baà tẹ èrò pa bí ọkọ̀ bá takìtì. Òpó tún nípọn sí i. Ó dára fún ẹni inú ọkọ̀. Ẹni ìta ńkọ́? Òpó náà lè bo ọlọ́kadà tàbí ọmọ tó ń sọdá. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní oríta, tí ìrìn rẹ̀ bá ti ọmọ náà mu, òpó á máa bò ó lọ ni. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀, ẹ má sọdá. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ na ọrùn síwájú, kí ẹ yọjú wo ẹ̀yìn òpó kí ẹ tó yà.