Àrokò Tó Ń Sọ Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Di Ajeegun

Ẹni tó bá rí eegun lórí àtẹ alápatà, tó gbẹ, tó le, lè rò pé bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Nínú ara alààyè, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú eegun kọjá, ojoojúmọ́ ni apá kan nínú rẹ̀ ń di wíwó tí apá mìíràn ń di mímọ. Láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá eegun àgbàlagbà ni ara ti pààrọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe iṣẹ́ wíwó yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Osteoclast ni àwọn onímọ̀ ń pè é láti 1873 tí Albert von Kölliker ti sọ ọ́ lórúkọ ní Jámánì. Èmi á máa pè é ní ajeegun.

Ajeegun tóbi láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara wa kì í ní ju kókó inú kan ṣoṣo lọ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ lè jẹ́ márùn-ún, ó lè jẹ́ mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ogún, nítorí pé ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló yọ́ pọ̀ di òun nìkan. Bó bá dé ibi tó fẹ́ jẹ, á lẹ̀ mọ́ ojú eegun pinpin, á fi etí ara rẹ̀ sé ibẹ̀ yípo kí ohunkóhun má baà jò síta. Abẹ́ ibi tó sé yìí ló ń tú ásíìdì sí, irú èyí tó wà nínú ikùn wa gan-an. Ásíìdì náà á yọ́ kálísíọ́mù kúrò lára eegun. Okùn kọ́lájìn tó bá ṣẹ́kù, énsáìmù kan tó ń jẹ́ cathepsin K á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tí ajeegun bá fi máa kúrò níbẹ̀, kòtò ló máa fi sílẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun á sì wá fi eegun tuntun dí i. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wíwó ń gbà. Mímọ ń gba oṣù.

Ohun tó ya mi lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni ìran tó ti wá. Kì í ṣe ọmọ bíbí eegun. Inú mùdùnmúdùn ni orísun rẹ̀ wà, ìran kan náà ni òun àtàwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbé kòkòrò àrùn mì. Ní 1973, Donald Walker ní Amẹ́ríkà mú eku tí eegun rẹ̀ ń ki ṣáá torí pé ajeegun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó rán an pọ̀ mọ́ eku tí ara rẹ̀ le kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa wọnú ara wọn. Àìsàn náà lọ. Ní 1980, àwọn dókítà ní Minnesota fún ọmọdébìnrin kan tó ní irú àìsàn yìí ní mùdùnmúdùn arákùnrin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ eegun ọmọ náà wò lẹ́yìn náà, ajeegun inú rẹ̀ ti di ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n àwọn tó ń mọ eegun ṣì jẹ́ ti ọmọdébìnrin náà fúnra rẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀rí mìíràn tó dán tó èyí.

Báwo wá ni sẹ́ẹ̀lì tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri ṣe ń mọ̀ pé àsìkò tó láti di ajeegun, àti pé ibí yìí gan-an ni kí òun dúró sí? Tatsuo Suda àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo ló rí ojú ọ̀nà. Ní 1988, wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì ìran ẹ̀jẹ̀ eku àti sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun sínú abọ́ kan náà, ajeegun sì yọ. Wọ́n fi asẹ́ tín-ín-rín pín wọn níyà, asẹ́ tí omi lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì kò lè fara kan ara wọn, ajeegun kankan kò yọ mọ́. Àṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tú sínú omi ni ìránṣẹ́ náà. Àrokò ni. Ẹni tí a fi rán gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí, kó fi lé e lọ́wọ́, kí ìtumọ̀ tó yé.

Ẹni tó ń gba àrokò lójú ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ní 1997, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ Amgen ní Amẹ́ríkà àtàwọn ti Snow Brand, ilé iṣẹ́ oníwàrà kan ní Japan, rí purotéènì tí kì í jẹ́ kí ajeegun yọ. Osteoprotegerin ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ ṣe ìdẹ, wọ́n sì mú àrokò náà: RANKL. RANK ni orúkọ ọwọ́ tó ń gbà á lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀.

Iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RANKL nìkan. Purotéènì mìíràn, M-CSF, ló kọ́kọ́ ń dá ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì náà sí, tó sì ń jẹ́ kí ó hu ọwọ́ RANK. Nígbà tí RANKL bá wá dé, TRAF6, purotéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì náà, á gba iṣẹ́ náà nínú ilé, á ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, NF-κB àti c-Fos, jí, ọ̀rọ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ NFATc1, èyí tí Hiroshi Takayanagi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2002 pé òun ni olórí. NFATc1 máa ń pe ara rẹ̀ sókè. Bó bá ti pọ̀ tó, kò sí ẹ̀yìn mọ́: àwọn sẹ́ẹ̀lì á yọ́ pọ̀, cathepsin K á dé, ajeegun ti dáyé.

Ẹ wo ẹni tó ń fi àrokò ránṣẹ́: ìdílé àwọn tó ń mọ eegun ni. Àwọn náà ló tún ń tú osteoprotegerin tó ń gbà á lọ́nà. Ní 2011, àwọn olùwádìí tún rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó sin ara wọn sínú eegun, tí wọ́n ń mọ ẹrù tó ń wọ̀ ọ́, ló ń fi èyí tó pọ̀ jù ránṣẹ́ lára àgbàlagbà. Bí ẹrù bá dínkù, RANKL á pọ̀. Ìdí nìyẹn tí eegun ìbàdí àwọn tó ń gbé ní gbangba òfurufú fi máa ń dínkù ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóṣù kan. Àjọṣe yìí kì í sì ṣe alápá kan. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Tokyo fi hàn pé ajeegun tó ń dàgbà máa ń tú àpò kéékèèké tí RANK wà lára wọn. Àwọn àpò náà á bá RANKL pàdé lára àwọn tó ń mọ eegun, ìyẹn á sì ta wọ́n jí pé ó yá.

Ìyá ọlọ́mọ ni mo máa ń rántí níbí. Nígbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú, ara rẹ̀ ń pe ajeegun sí i kí kálísíọ́mù eegun rẹ̀ lè wọnú wàrà. Bó bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á padà. Bí RANKL yìí kan náà kò bá sí, eku kò lè ní ọmú tó lè tú wàrà, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan ṣe fi hàn ní 2000. Bí ọmọ yẹn bá sì dàgbà tí eyín rẹ̀ ń mì, tó fẹ́ jù ú sórí òrùlé, àwọn ìbátan ajeegun ló ti jẹ gbòǹgbò eyín náà tán lábẹ́.

Bí ajeegun bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, àwọn ìyá wa tó ti kọjá nǹkan oṣù ló ń jìyà rẹ̀ jù. Estrogen, họ́mónù obìnrin, ló ń mú RANKL wálẹ̀ tó sì ń gbé osteoprotegerin ró. Bó bá ti lọ, wíwó á yá ju mímọ lọ, ẹ̀yìn á máa tẹ̀, ìbàdí á sì kán nínú ìṣubú tí kò tó nǹkan. Àwọn kan ń pe èyí ní ọjọ́ ogbó lásán, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ó ní ìtọ́jú. Nínú irú làkúrègbé tí ara ti ń bá ara jà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti àrùn ló ń mú kí RANKL pọ̀ nínú oríkèé, ajeegun á sì jẹ eegun ibẹ̀.

Ọdún 2010 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí denosumab, abẹ́rẹ́ tó ń gba àrokò náà lọ́nà bíi ti osteoprotegerin. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń gún un fún ẹni tí eegun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá kàn dá a dúró, ajeegun á ya dé, á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eegun ẹ̀yìn bíi mélòó kan sì lè fọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Nítorí náà, dókítà tó mọ̀ ọ́n kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà tán lára láìtíì fi bisphosphonate rọ́pò rẹ̀, oògùn tó ń lẹ̀ mọ́ eegun fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ajeegun tó bá jẹ ẹ́ mọ́ eegun, agbára rẹ̀ á pin.