Ooru inú ife: ìdí tí rẹ́sìn fi ń bàjẹ́ mọ́ àwọn tó ń dà á nílé lọ́wọ́

Iṣẹ́ rẹ́sìn kò béèrè ju orí tábìlì kan lọ nínú yàrá kan ní Pleasure, lójú títì Èkó sí Abẹ́òkúta, láàrin Ìyànà Ìpájà àti Abúlé Ẹ̀gbá. Ike kẹ́míkà méjì, rẹ́sìn àti hádínà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn, láti ọjà Ọjọ́ta, mọ́ọ̀dù síílíkóònù, ife, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rò ó, àti ìbọ̀wọ́. Inú ìwọ̀nba yìí ni kí-họ́dà tí wọ́n kọ orúkọ sí ti ń jáde, àti yẹtí, àti tíréè, títí kan tábìlì onípákó tí odò aláwọ̀ búlúù gba àárín rẹ̀ kọjá. Fídíò tó ń kọ́ni pọ̀ jáǹtirẹrẹ lórí YouTube. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀, yàrá tó tutù, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, ni wọ́n jókòó sí. Ìlànà tó wà lára ike náà, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ló bá mu. Ará Pleasure á tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ, nǹkan tó dà á hó, tàbí kó sán, tàbí kó ṣì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ayédèrú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru ló yẹ kí á kọ́kọ́ fura sí.

Rẹ́sìn kì í gbẹ. Ọ̀dà ló ń gbẹ: ohun tó mú un ṣàn á fẹ́ lọ, ìyókù á dúró lára ògiri. Ti rẹ́sìn epọ́sì yàtọ̀. Bí rẹ́sìn àti hádínà bá ti pàdé, ẹ̀yà kéékèèké inú ọ̀kan á di ti èkejì mú, wọn á máa so kọ́ra wọn títí gbogbo rẹ̀ á fi di odindi kan tí kò ṣeé tú mọ́. Ìsokọ́ra yìí ń mú ooru jáde. Ooru náà á mú kí ìyókù tètè so, èyí á sì tún mú ooru mìíràn wá.

Ẹni tó bá ti po túùbù Araldite méjì pọ̀ rí láti fi lẹ ohun tó fọ́ ti fọwọ́ kan epọ́sì. Onímọ̀ kẹ́míkà Paul Schlack béèrè fún ìwé àṣẹ lórí irú kẹ́míkà yìí ní Jámánì ní 1934. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pierre Castan, onímọ̀ kẹ́míkà ará Switzerland tó ń wá ohun tí wọ́n lè fi ṣe eyín àtọwọ́dá, fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ ní 1938. Ilé iṣẹ́ Ciba gbà á lò, Araldite sì dé ọjà ní nǹkan bí 1946. Ọdún 1938 yẹn kan náà ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú orí idẹ jáde nínú ilẹ̀. Ìda oyin làwọn baba wa fi ya àwòrán rẹ̀, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda náà dànù, wọ́n da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ojú wọn rí iná tí wọ́n ń bá ṣe. Onírẹ́sìn kì í rí tirẹ̀.

Ẹ wo ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ po rẹ́sìn kún. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan kò ní sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ìdí ife á lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, rẹ́sìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, igi tí a fi ń rò ó á wúwo. Láìpẹ́ ife kò ní ṣeé dì mú mọ́. Ike rẹ̀ á rọ̀, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èéfín á rú, ohun inú rẹ̀ á pọ́n, á sán. Ooru àárín rẹ̀ lè kọjá 100°C. Bí wọ́n bá sì ti tètè da rẹ́sìn kan náà sínú tíréè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bóyá ló máa gbóná tó tíì. Bí ó bá tẹ́, ooru á rí ọ̀nà jáde. Bí ó bá jìn, kò rí ibi gbà.

Bí ooru yàrá bá fi 10°C lé sí i, àsìkò tí a ní láti fi ṣiṣẹ́ á dín sí nǹkan bí ìdajì. Rẹ́sìn tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú 40 sí lára fún yàrá 25°C, kí ẹni tó wà lábẹ́ páànù ní 35°C má retí ju bí 20 lọ. Ìdájí ló dára jù láti ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó. Bí a bá ti rò ó tán, kí á dà á kúrò nínú ife kíákíá; bí iṣẹ́ bá nípọn, kí á dà á ní ìpele-ìpele, tàbí kí á ra irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ohun tó jìn.

Àṣìṣe mìíràn, yàtọ̀ sí ti ooru, ti ọ̀dọ̀ àwọn oní-fáíbà wá. Àwọn tó ń tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe, rẹ́sìn pọlíẹ́sítà ni wọ́n ń lò, èyí tó ń run imú. Kátálíìsì tí wọ́n ń kán sí i kì í ju ìdá 1 tàbí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kaun inú ẹ̀wà ni, bí a bá fi kún un díẹ̀, á tètè jinná. Àṣà yìí ni ọ̀pọ̀ gbé wọ inú epọ́sì: bí kò bá tètè le, wọ́n á bu hádínà sí i. Hádínà kì í ṣe kaun o. Òun gan-an wà lára oúnjẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tí kò rí rẹ́sìn dì mú, bẹ́ẹ̀ ló máa wà nínú rẹ̀, nǹkan náà á máa lẹ̀ títí ayé. Ìwọ̀n tún ń tan ni jẹ. Lítà kan rẹ́sìn sábà máa ń wúwo ju lítà kan hádínà lọ, nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ife kan sí ife kan, tí a wá fi òṣùwọ̀n wọn gíráàmù kan náà, a ti fi hádínà kún un láìmọ̀.

Ọ̀rinrin àsìkò òjò náà ń dá sí i: hádínà mìíràn máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ohun kan bí ọ̀rá á sì bo ojú iṣẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kúrò kí wọ́n tó da ìpele míì lé e.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé yàrá iṣẹ́ yìí sábà jẹ́ yàrá oorun. Epọ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn fojú kéré rẹ̀. Bí ó bá ń kan ara léraléra, ara lè kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan: awọ á máa yún, á wú, ẹ̀hun náà kì í sì í lọ mọ́. Ìbọ̀wọ́ nitrile ni kí á wọ̀. Bí ó bá kan ọwọ́, ọṣẹ àti omi ni, kì í ṣe tínà tàbí pẹtiróòlù, tó ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara. Ti pọlíẹ́sítà tún le jù bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà styrene inú rẹ̀ ni àjọ IARC, tó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde ní 2018 pé ó ṣeé ṣe gan-an kí ó máa fa jẹjẹrẹ. Kátálíìsì rẹ̀ lè fọ́ni lójú. Bí wọ́n bá sì da kátálíìsì yìí àti kóbọ́ọ̀tì, èyí tó ń mú kí pọlíẹ́sítà tètè le, pọ̀ tààrà, ó lè bú gbàù; inú rẹ́sìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ po kóbọ́ọ̀tì sí, kí kátálíìsì tó tẹ̀ lé e. Ìta ni iṣẹ́ pọlíẹ́sítà yẹ, kì í ṣe yàrá tí ọmọ ń sùn sí.

Nígbà tí a bá fẹ́ rajà, kí á béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ìwọ̀n rẹ́sìn sí hádínà ní gíráàmù, ìṣẹ́jú tí a ní, àti bí ó ṣe lè jìn tó lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá bù ú sínú ike tí kò ní àkọlé, kí á kọ́kọ́ po gíráàmù 20 péré, kí á kọ àkókò tí a pò ó àti àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná sílẹ̀, kí á tó fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà.