Àtùpà Aláwòrán: Bí A Ti Ń Lò Ó, àti Ìdí Tí Kì Í Fi Í Ṣe Idán

Kí sinimá tó dé ní ọdún 1895, àtùpà kan ti wà tí ń fi àwòrán ńlá hàn lára aṣọ funfun nínú òkùnkùn. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní mágíìkì láńtánì, èyíinì ni àtùpà onídán. Títí di òní, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, níbi àpéjọ tí àwọn ènìyàn ti ń wọ aṣọ àtijọ́, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ àwọn baba ńlá wọn hàn, a ṣì ń tan irú àtùpà yìí fún àwọn òǹwòran. Ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí ènìyàn kò mọ ìdí rẹ̀ ni ó rọrùn láti fi tàn án jẹ.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀. Christiaan Huygens, amòye ará Họ́láńdì, ni a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é, ní ọdún 1659. Àwọn àwòrán tí ó yà fún un ni ti egungun òkú kan tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká orí rẹ̀ kúrò lọ́rùn.

BÍ Ó TI Ń ṢIṢẸ́. Ohun márùn-ún ni a ń lò: iná, awò tí ń kó ìmọ́lẹ̀ iná náà jọ, àwòrán tí a yà sára dígí, awò kejì tí ń sọ àwòrán náà di ńlá, àti aṣọ funfun. Awò ni dígí tí àárín rẹ̀ nípọn ju etí rẹ̀ lọ, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń kàwé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú awò kejì kọjá, ti òkè a bọ́ sí ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ a sì lọ sí òkè. Nítorínáà olùfihàn a dorí àwòrán kodò kí ó tó fi í sínú àtùpà, kí ó lè dúró ṣánṣán lára aṣọ. Dígí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ íńṣì 3¼ ní ìbú àti ní òró, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ lè ga ju ènìyàn lọ.

Àwọn àwòrán kan a máa rìn, nítorí dígí méjì ni a gbé lé ara wọn, tí a sì ń fa ọ̀kan. Èyí tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn jùlọ ni ti ọkùnrin kan tí ń sùn, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí, tí ó sì ń padé, bí àwọn eku ti ń wọlé sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

INÁ RẸ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àbẹ́là àti fìtílà ni a ń lò. Lẹ́yìn náà ni epo òyìnbó dé. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, a máa ń dáná afẹ́fẹ́ méjì, ọ́síjìn àti háídírójìn, sára ẹfun títí ẹfun náà yóò fi tàn yòò. Ìmọ́lẹ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ méjèèjì bá dàpọ̀ níbi tí kò yẹ, ó lè bú gbàmù.

ÌLÒ RẸ̀, RERE ÀTI BÚBURÚ. Ní Parisi, láti ọdún 1798, Étienne-Gaspard Robert, tí ń jẹ́ Robertson, fi àtùpà rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn aṣọ, ó sì ń tì í lórí àgbá kẹ̀kẹ́, tí àwòrán àwọn òkú fi dàbí ẹni pé wọ́n ń sáré bọ̀ wá bá àwọn ènìyàn. Ẹ̀rù ni ó ń tà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1854, David Livingstone fi tirẹ̀ hàn ní ààfin Shinte, olórí àwọn Balonda. Àwòrán àkọ́kọ́ ni ti Ábúráhámù tí ó gbé ọ̀bẹ sókè sí Ísáákì. Nígbà tí a ń fa dígí náà kúrò, ó dàbí ẹni pé ọ̀bẹ náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n sì figbe ta, wọ́n sá lọ. Shinte jókòó títí ó fi parí, lẹ́yìn náà ó yẹ ẹ̀rọ náà wò fínnífínní. Livingstone a sì máa ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé agbára òkùnkùn kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni ti ọkùnrin méjèèjì. Àlàyé ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

OHUN TÍ OLÙFIHÀN NÍ LÁTI KÍYÈSÍ.

1. Kí ó lo iná mànàmáná dípò ọwọ́ iná níbi tí èrò bá pọ̀. Àtùpà àtijọ́ kò ní pàdánù ẹwà rẹ̀ nítorí èyí.

2. Kí ó mú kí dígí lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kí ó tó lò ó, kí ìrì má bàa bò ó. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ pẹ́ nínú ooru púpọ̀, nítorí yóò sán.

3. Kí ó to àwọn àwòrán tẹ̀léra wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì sàmì sí etí wọn, kí ọ̀kankan má bàa dojú rú.

4. Kí ó má ṣe jẹ́ kí okùn tàbí ìjókòó dí ọ̀nà àbájáde.

5. Nígbà tí ó bá parí, kí ó tan iná, kí ó ṣí àtùpà náà sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé wo inú rẹ̀.

Ìkarùn-ún yìí ni ó ṣe pàtàkì jùlọ. Ọmọ tí ó bá ti rí iná, awò àti dígí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ yóò gbádùn àwòrán náà lọ́jọ́ mìíràn, kò sì ní rọrùn fún ẹlẹ́tàn láti fi òjìji lásán gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.