Egbò Ló Dí Wọn Lọ́nà Odò

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1921, Franklin Roosevelt, olóṣèlú ọmọ ọdún 39, lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi títutù ní erékùṣù Campobello ní Kánádà. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi rọ. Wọ́n ní àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, èyí tó máa ń ba mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ níbi tí àṣẹ ti ń lọ sí apá àti ẹsẹ̀.

Ó wá ìwòsàn títí. Ní 1924 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Foster Peabody, sọ fún un nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìsun omi kan ní ìpínlẹ̀ Georgia ràn lọ́wọ́. Warm Springs ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Láti inú ilẹ̀ ni omi náà ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ̀, bí ti Ìkògòsì l'Ékìtì, àmọ́ kò gbóná tó ìyẹn: nǹkan bí 31 ni lórí òṣùwọ̀n Celsius. Roosevelt wọ inú rẹ̀ lóṣù kẹwàá, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé e lórí ilẹ̀ sì gbé e nínú omi.

Akọ̀ròyìn Atlanta Journal kan gbọ́, ó kọ ọ́, àwọn ìwé ìròyìn mìíràn sì tún un tẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1925, àwọn arọ ti ń dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Ojú àwọn àlejò tó wá gbafẹ́ kò gbà á, ẹ̀rù ń bà wọ́n kí àrùn má lọ ran àwọn. Roosevelt kò lé ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọnú omi tọ̀ wọ́n, tó ń fi bí wọn yóò ṣe ju ẹsẹ̀ hàn wọ́n, bí ẹni pé dókítà ni. Ní 1926, ó ra gbogbo ibẹ̀ ní nǹkan bí 200,000 dọ́là, ó sì sọ ọ́ di ibùdó ìtọ́jú ní 1927. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín o, omi náà kò wò ó sàn. Ó di ààrẹ Amẹ́ríkà, ó sì kú ní Warm Springs lóṣù kẹrin ọdún 1945, láìtún dá rìn mọ́. Wọn kì í sì í gba aláwọ̀ dúdú sí adágún yẹn nígbà náà. Tuskegee ní Alabama ni wọ́n kọ́ tiwọn sí, ní 1941.

Lákòókò tí Roosevelt kọ́kọ́ dé Warm Springs náà ni Charles Lowman, dókítà eegun ní Los Angeles, rí àwọn arọ tó ń ṣe eré ìdárayá nínú àgbá onípákó kan ní Chicago. Ó padà sílé, ó sì sọ adágún ẹ̀ṣọ́ ọgbà ilé ìwòsàn rẹ̀ di méjì fún ìtọ́jú. Ohun tí gbogbo wọn rí kò le. Bí omi bá mu èèyàn dé ọrùn, ìwúwo tó kù fún ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ; bó bá mu ún dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ló kù. Iṣan tí kò lè gbé itan lórí bẹ́ẹ̀dì lè gbé e níbẹ̀.

Àwọn tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tàbí tí jàǹbá ọkọ̀ dá lẹ́yìn, ńkọ́? Wọn kò tíì sí nínú omi nígbà yẹn. Kíkú ni wọ́n ń kú. Àwọn oníṣègùn Íjíbítì àtijọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn tí a kì í dáwọ́ lé ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí di Ogun Àgbáyé Kìíní. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í gba ìmọ̀lára lára èèyàn, àmọ́ ẹni tí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn rẹ̀ já kì í mọ̀ pé ìdí ń ro òun. Yóò dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹran ara yóò jẹrà, ìtọ̀ yóò ba kíndìnrín jẹ́. Ta ni yóò gbé olójú egbò sínú adágún? Omi ti wà nílẹ̀, ara tí yóò wọ̀ ọ́ ni kò sí.

Ludwig Guttmann ló yí ìyẹn padà. Dókítà Júù tó sá kúrò ní Jámánì ní 1939 ni, wọ́n sì fi í ṣe olórí wọ́ọ̀dù àwọn tí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn wọn já ní Stoke Mandeville, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kejì ọdún 1944. Ògùn kọ́ ló gbé dé, ọwọ́ ni: kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru. Egbò ń jinná, àwọn èèyàn ń yè. Nígbà náà ni eré ìdárayá, títí kan ìlúwẹ̀ẹ́, wá di ara ìtọ́jú. Ní 1949, James McMillan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọbìnrin abirùn ní ilé ẹ̀kọ́ Halliwick, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti lúwẹ̀ẹ́ láìlo ohunkóhun tó ń léfòó. Ìmọ̀ bí omi ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fi kọ́ wọn, àwọn oníṣẹ́ físíò sì ń lo ọ̀nà rẹ̀ títí dòní.

Ooru omi inú adágún wọn báyìí máa ń wà ní nǹkan bí 33 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi kì í so mùdùnmúdùn tó já pọ̀ o. Ẹran ara tí àṣẹ ṣì ń dé ló ń ràn lọ́wọ́. Ewu rẹ̀ náà wà. Ilẹ̀ adágún lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora. Ẹni tí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn rẹ̀ já láti àárín àyà lọ sókè, bí rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ bá dí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru lójijì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn yìí nílé, kí ẹ tó gbé e lọ sí ibi omi kankan, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ wo ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí egbò bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jinná ná.