Egbò Tó Jọra, Iṣẹ́ Tó Yàtọ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ agbo ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. A kò wá bẹnu àtẹ́ lu ewé àti egbò, nítorí Ọlọ́run ló dá wọn. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará, pé ohun tó bá ti inú ilẹ̀ wá kì í pa ènìyàn.

Ní Brussels, olú-ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, ilé ìtọ́jú kan wà tí àwọn obìnrin ń lọ kí sísanra wọn lè dín kù. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é láìsí wàhálà. Ní 1990, wọ́n fi ìyẹ̀fun egbò ilẹ̀ Ṣáínà kún oògùn náà. Nígbà tó di 1992, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn obìnrin tí kò tí ì pé 50 ọdún, tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Dókítà Jean-Louis Vanherweghem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn náà jáde ní 1993. Nígbà tó yá, àwọn tí ó kàn lé ní 100.

Orúkọ egbò tí wọ́n rò pé àwọn ń lò ni Stephania tetrandra. Àyẹ̀wò ló tú àṣírí. A máa ń rẹ ìyẹ̀fun egbò sínú ọtí líle, a ó kán ẹ̀kán rẹ̀ sórí àwo pẹlẹbẹ, a ó sì ki ẹsẹ̀ àwo náà bọ omi kẹ́míkà. Bí omi yìí ti ń fà gòkè, ohun tó wà nínú ẹ̀kán náà á pín yà, oníkálùkù á dúró sí ipò tirẹ̀. Ohun tí a mọ̀ mọ́ Stephania kò sí nínú púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun náà. Ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní aristolochic acid ni wọ́n bá níbẹ̀. Egbò Aristolochia fangchi ni wọ́n ti tà fún wọn, nítorí orúkọ méjèèjì jọra lédè Ṣáínà. (Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ewé méjì lè jẹ́ orúkọ kan láti ìlú kan dé èkejì.)

Ẹ rántí ẹnìkan nínú 2 Àwọn Ọba orí 4, tó já èso tí kò mọ̀ wá láti inú igbó, tó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ àwọn ọmọ wòlíì. Wọ́n tètè mọ̀ bí wọ́n ti fi kan ẹnu. Àwọn obìnrin Brussels kò rí irú àmì bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́, tó jẹ́ pé agbo tó korò gan-an ni à ń pè ní agbo gidi?

Ásíìdì ọsàn wẹ́wẹ́ kò ṣe wá ní nǹkan. Tibí yìí máa ń lẹ̀ mọ́ DNA inú ara, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Nínú ìròyìn tó jáde ní 2000, àwọn 39 nínú àwọn aláìsàn Brussels gbà kí wọ́n yọ kíndìnrín wọn tó ti kú, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ lára àwọn 18. Sísè kò tó láti mú un kúrò.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Akọ-igún, tí àwọn lékúlejà ń ta egbò rẹ̀ lọ́jà wa, ìdílé Aristolochia kan náà ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Aristolochia ringens. Àwa kò ní gbà kí aboyún tàbí ọmọdé mu ún nínú ilé wa, àgbàlagbà pàápàá kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di àmulójoojúmọ́.

Kíndìnrín tó ń bàjẹ́ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń mu ún tipẹ́, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ nílé ìwòsàn. Àdúrà wa kò dí èyí lọ́wọ́. Ẹ mú ìyókù egbò náà dání nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ bá ń lọ, kí dókítà lè fojú rí ohun tí ẹ ń mu.