Nọ́ńbà Kì í Ṣe Ipò: Èdè-Ìperí fún Àtòpọ̀ Ṣíwíìṣì

Ṣíwíìṣì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni èyí tí a fi ń tan iná tí a sì fi ń pa á. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ohun mìíràn ni orúkọ yìí dúró fún: àpótí oníhò púpọ̀ tí a ń ki wáyà bọ̀, tí ó sì ń darí ìsọfúnni láti ihò kan sí ihò tí ó tọ́ sí. Bí ihò àpótí kan kò bá tó, a lè so àpótí mélòó kan pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Àtòpọ̀ ṣíwíìṣì ni orúkọ tí ó bá èyí mu.

Nínú Catalyst 3750 tí ilé-iṣẹ́ Cisco gbé jáde ní 2003, àpótí 9 ni àtòpọ̀ kan lè gbà, nọ́ńbà wọn sì wà láàrin 1 sí 9. Àdúgbò márùn-ún ni ó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó: Òkè-Sópìn, Òjòwò, Àtìkòrí, Òkè-Àgbò àti Jàpárà. Ẹni tí ó bá ní òun ń wá ilé karùn-ún níbẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan, àfi bí ó bá dárúkọ àdúgbò. Bákan náà ni 2/0/5: àpótí onínọ́ńbà 2, ihò 5. Òdo àárín ń tọ́ka sí ihò tí a ṣe mọ́ àpótí náà lára.

Àpótí tuntun a máa jẹ́ nọ́ńbà 1. Bí òmíràn bá ti ń jẹ́ ẹ, yóò gba nọ́ńbà tí ó kéré jù lọ nínú èyí tí ó ṣẹ́ kù. Alábòójútó lè yí i padà, ṣùgbọ́n ìyípadà náà kò ní múlẹ̀ àfi bí a bá pa àpótí náà tí a sì tún un tàn. Àṣẹ tí a kọ fún àwọn ihò lábẹ́ nọ́ńbà àtijọ́ kì í sì í bá a lọ sí tuntun.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fi ń yan olórí àtòpọ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní iye kan, láti 1 dé 15. Èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó máa ń jẹ olórí. Níhìn-ín ni olùtumọ̀ ti lè ṣìnà. Bí ó bá pe iye yìí ní “ipò”, ọmọ ilé-ìwé tí ó mọ̀ pé ẹni tí ó gba ipò kìíní ni ó borí ìdánwò yóò fi 1 fún àpótí tí ó fẹ́ kí ó jẹ olórí, bẹ́ẹ̀ 1 ni ó kéré jù. “Ìwọ̀n àgbà” ni ó yè kooro, nítorí pé ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ ni ó ń tẹ̀wọ̀n jù.

Bákan náà, “ṣíwíìṣì kejì” lè mú kí a rò pé igbákejì olórí ni. “Ṣíwíìṣì onínọ́ńbà 2” kò sọ ju ohun tí ó jẹ́ lọ: orúkọ lásán ni nọ́ńbà yẹn. Àpótí onínọ́ńbà 7 lè jẹ olórí lé oníníọ́ńbà 1 lórí.